Ọjọ́ Mẹ́ta Ìtútù ní Ìdóṣàlà

Iná orí Ìdóṣàlà lójú ẹ̀rọ ti pọ́n kí Yínmíká tó fìdí kan àga ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Méjìdínláàádọ́rin. Bó bá fi méjì péré lé sí i, ó di àádọ́rin nìyẹn, bó bá sì di àádọ́rin, ẹ̀bẹ̀ tán. Rélùweè kò ní dúró níbẹ̀ mọ́, ẹyẹ irin tó ń gbé ẹrù kò ní balẹ̀ níbẹ̀, fóònù ibẹ̀ yóò yadi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí ara ìlú lè wálẹ̀. Ìtútù ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé wọn kò tíì ṣe é fún ìlú tirẹ̀ rí.

“Ọmọ Èkìtì, tiyín ti dé o,” ni Ọ̀gá Dósù ké sí i, ó gbé ife kọfí dání. Òun ni olórí gbọ̀ngàn Ilé Òṣùwọ̀n, obìnrin Ègùn tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, ìlú tí gbọ̀ngàn náà wà, tó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Kétu. Gbogbo ènìyàn ló máa ń bọ̀wọ̀ fún, títí kan ẹ̀rọ. “Ẹ̀rọ wa ní ọ̀rọ̀ ìlú yín kò yé àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wò ó kíá.”

Ogójì tábìlì ló wà ní Ilé Òṣùwọ̀n, tábìlì kan fún èdè kan. Ohun tí rédíò bá sọ, tí ìwé ìròyìn bá kọ, tí ẹnikẹ́ni bá yà ní fọ́tò tó sì gbé síta, láti Lima títí dé Séúlù, Òṣùwọ̀n ti gbé e mì kí ó tó tutù, ó sì ti fún ìlú náà ní iye rúkèrúdò tó rí níbẹ̀, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá há a lọ́fun nìkan ló ń pọ̀ jáde sórí tábìlì ọmọ ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní olùka; Yínmíká ni olùka Yorùbá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń ka èdè Pọ́túgí ń bá àwọn awakọ̀ kan tó dí afárá jà lójú ẹ̀rọ, ẹni tó ń ka Hausa sì ń sùn díẹ̀díẹ̀. Ayé rọ̀ wọ̀ọ̀, àfi Ìdóṣàlà.

Yínmíká ṣí ìròyìn àkọ́kọ́. Akọ̀ròyìn kan tó ń gba ìlú náà kọjá ló kọ ọ́ pé gbogbo ìsọ̀ ti tì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ìkejì, fọ́tò ni: àwọn ọkùnrin mú àdá lọ́wọ́, wọ́n ń gé orí àwọn igi odán ọjà, wọ́n sì ń já páànù orí ìsọ̀ bọ́ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ohun ìjà. Dúkìá bíbàjẹ́.” Ìkẹta jẹ́ ohùn obìnrin púpọ̀ tó ń sunkún láàárín títì. Ẹ̀kẹrin, àlejò kan ń ráhùn pé wọ́n lé òun wọlé kí oòrùn tó wọ̀.

Yínmíká kò nílò ẹ̀karùn-ún. Ọmọ Ìdóṣàlà ni, ọmọ ilé Ọ̀dọ̀fin. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló jẹ oyè Ọ̀dọ̀fin lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn afọbajẹ mẹ́fà, abẹ́ òrùlé ọkùnrin yìí ló sì dàgbà sí lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n gé orí igi ọjà kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Wọ́n kàn wí pé ilé bàjẹ́, Yèyé Ìbílọ́lá, aya Ọ̀dọ̀fin, sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu kó tó béèrè ìbéèrè kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ti di àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Olúdó ti Ìdóṣàlà ti wàjà.

“Ṣé ìjà ni àbí kì í ṣe ìjà?” Ọ̀gá Dósù ti dúró sí ẹ̀yìn àga rẹ̀.

“Kì í ṣe ìjà, ọ̀gá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń fi àdá ṣe?”

Yínmíká gbójú wo ògiri. Òfin Ilé Òṣùwọ̀n ni pé ẹni tó bá fẹ́ dín iye ìlú kan kù gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gbangba, ìdí náà yóò sì jáde sí gbogbo ayé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: Ohun tó bá wọ inú Òṣùwọ̀n, ayé ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ etí pàápàá kò ṣeé sọ níbẹ̀, nítorí ògiri gbọ̀ngàn yẹn létí ju ògiri ilé elékèé lọ.

Òfin Ìdóṣàlà sì rèé: ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba oṣù mẹ́ta, kí àwọn afọbajẹ tó parí ohun tí wọ́n ń ṣe ní ààfin. Títí di ọjọ́ tí wọn yóò kéde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó pa ọba lẹ́ẹ̀kejì.

“Àṣà ni, ọ̀gá,” ó wí níkẹyìn.

“Àṣà wo?”

“Àṣà ìlú ni.”

Ọ̀gá Dósù rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àwọn ẹ̀rọ wa kì í gba ‘àṣà ìlú’. Ẹ sì má kọ ọ́ pé ọdún ni o. Ẹ rántí Kòfí. Ó kọ ‘ọdún’, wọ́n wo kàlẹ́ńdà, wọn ò bá ọdún kankan níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kà láti ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún tú. Níbo ni Kòfí wà lónìí?”

“Ó ń ta ẹja ní Kútọnu.”

“Ẹja tútù,” ni Ọ̀gá Dósù fi kún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń fún ènìyàn láti gba ohun tí Òṣùwọ̀n sọ tàbí kí ó kọ ìdí. Yínmíká jókòó, ó ń wo igi tí wọ́n gé lórí. Bí a bá máa sọ òtítọ́, kì í ṣe ọba ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, àti Kòfí, àti ojú Ọ̀dọ̀fin lọ́jọ́ tí yóò gbọ́ pé ọmọ tóun fi ọwọ́ ara òun tọ́ ló tú àṣírí ààfin fún gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí bá ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ti ti ara rẹ̀ pa. Ta ló fẹ́ rìnrìn-àjò níbẹ̀? Ta ló fẹ́ tajà? Ṣebí ìlẹ̀kùn tó ti tì ni wọ́n fẹ́ tún tì.

Ó ronú kan Yèyé Ìbílọ́lá, ó yẹ ká sọ ìyẹn náà. Ẹ̀dọ̀fóró obìnrin yìí ti gbó, ọ́síjìn inú ìgò ló fi ń mí, ẹyẹ irin ló sì ń gbé e wá fún un ní ọjọ́ méjì-méjì. Ó wá rántí ìgbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n sé ìlú, tí Yèyé so aṣọ funfun mọ́ ọwọ́ aláboyún kan tó ń rọbí, tó sì mú un gba àárín àwọn alágbára ọkùnrin kọjá. Gbogbo wọn yà fún wọn. Wọn kì í sé ìlú mọ́ aláboyún, wọn kì í sé e mọ́ aláìsàn. Èyí fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òfin Ìdóṣàlà ló ń rántí. Òfin tó fẹ́ fọwọ́ sí kọ́ nìyẹn. Àṣìṣe tí àlejò kò lè ṣe ni, ọmọ onílùú nìkan ló lè ṣe é.

Ó tẹ “Mo gbà”. Iye náà gun mọ́kànléláàádọ́rin, iná orí Ìdóṣàlà sì di dúdú.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Yínmíká. Ó ń pe fóònù Ọ̀dọ̀fin bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè dún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe lòun ṣe, òun pa ẹnu mọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ohun tó tọ́, kì í sábà ní láti máa tún un sọ fún ara rẹ̀ nígbà ogún lóòjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ti wà ní gbọ̀ngàn kí wọ́n tó tan iná. Agogo mẹ́sàn-án ni Ìtútù yóò tán. Ó retí pé iye yóò ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ojú ẹ̀rọ, mẹ́rìnléláàádọ́rin ló bá níbẹ̀.

“Wọ́n ti ń jà lóòótọ́ báyìí,” ni Ọ̀gá Dósù wí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. “Wọ́n lọ jókòó sórí irin rélùweè láti àná. Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún àwọn ìdí tí wọ́n fi ti ìlú mọ́ àwọn. Bó bá fi wà báyìí di agogo mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́ta mìíràn ni. Ìròyìn kan wà ńlẹ̀ tó ń dúró dè yín.”

Akọ̀ròyìn kan ló dúró ní ààlà ìlú, ó fi ẹ̀rọ ayàwòrán ọlọ́nà jíjìn ya ohun tó rí. Ẹyẹ irin kan ń bọ̀ lójú ọ̀run ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìgò funfun méjì so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó dé orí òpó ààlà, ó dúró gbọin-in lójú kan, ó sì yí padà. Àwọn ènìyàn ń sáré tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, wọ́n ń ju ọwọ́ sí i, wọ́n ń kígbe sí i bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọkọ̀ tó ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn akọ̀ròyìn wọlé: Arábìnrin Ìbílọ́lá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, aya Ọ̀dọ̀fin Ìdóṣàlà, kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ọ́síjìn rẹ̀ tán.

Lábẹ́ rẹ̀, Òṣùwọ̀n ti kọ ọ́: “Ikú kan. Fi mẹ́ta kún un. Ṣé olùka gbà?”

Yínmíká kò sunkún. Ẹkún ṣì jẹ́ ọ̀wọ̀ tí kò rò pé ó tọ́ sóun. Òun ló pa á. Bó ṣe wá sí i lọ́kàn nìyẹn, láìsí àṣamọ̀, láìsí “ṣùgbọ́n” kankan lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó fi ọwọ́ bo òun lẹ́nu lòun fi ẹnu tí òun pa dé pa.

“Àwọn mẹ́jọ mìíràn ló ń lo ọ́síjìn níbẹ̀,” Ọ̀gá Dósù sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. “Mo ti wò ó.”

Agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Olùka kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹlẹ́rìí kan nínú ìlú tó wà nínú Ìtútù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lójú Òṣùwọ̀n àti létí gbogbo ayé. Yínmíká kò lo ẹ̀tọ́ yìí rí. Ó tẹ nọ́ńbà Ọ̀dọ̀fin.

Ojú bàbá náà yọ lójú ẹ̀rọ. Kò dé fìlà, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti hù wúruwùru.

“Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín,” ni Yínmíká kà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

“Yínmíká? Ìwọ rèé? Orúkọ mi lo ń béèrè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí, Bàbá.”

“Ọ̀dọ̀fin Ìdóṣàlà ni mí. Fájínmí ni orúkọ àbísọ mi. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.”

“Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbọ́ nípa Yèyé.”

“Háà. O ti gbọ́. A ti sin ín lánàá. Ká ní fóònù ń ṣiṣẹ́ ni, ìwọ ni mi ò bá kọ́kọ́ pè. Ó ń béèrè rẹ títí tí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.”

Yínmíká di etí tábìlì mú. Ìbéèrè kejì ti hàn lójú ẹ̀rọ, kò sì sí bí kò ṣe ní kà á. “Kí ló fa rògbòdìyàn ní ìlú yín?”

Bàbá náà wò ó títí. Ayé ń gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti wọlẹ̀, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ wà lórí irin rélùweè, gbólóhùn kan péré ni yóò sì tú gbogbo wọn sílẹ̀. Kò sọ ọ́.

“Ulé bàjẹ́,” ó wí. “Ó wá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Òṣùwọ̀n kọ ọ́ kíá: “Ilé wíwó, méjì. Fi ọ̀kan kún un.”

“Bàbá,” ni Yínmíká wí, kò ka ìwé mọ́, “bí ẹnìkan bá mọ ohun kan tí kò yẹ kó fẹnu kàn, tó wá sọ ọ́ síta ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe nílé wa?”

Yínmíká rí i lójú Ọ̀dọ̀fin pé ọ̀rọ̀ ti yé e.

“Ìtanràn wà fún un. Ewúrẹ́ kan, obì mẹ́rìndínlógún, kó sì wá kúnlẹ̀ níwájú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

“Ewúrẹ́ kan?”

“Ewúrẹ́ kan. Òun pẹ̀lú wa la ó jọ jẹ ẹ́.”

“Ewúrẹ́ kan ṣoṣo, Bàbá?”

“Kí lo rò pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀?”

“Mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ọmọ mi, àwọn tó ṣe òfin yìí kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ̀ pé ojú lè pọ́n ènìyàn débi tí yóò fi sọ ọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe èèwọ̀ ni wọ́n ń ṣe ètùtù rẹ̀ tì í. Ìlú tó ní èèwọ̀ tí kò ní ètùtù, ta ni yóò kù síbẹ̀?” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọ̀rọ̀. Èmi ò sọ pé kó sọ ọ́. Ewúrẹ́ wà lọ́jà.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Yínmíká rò pé bàbá náà ti sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ohun kan ṣì wà. Àwọn ọ̀dọ́ níbí ń ṣépè fún ẹni tó kà wá sí oníjà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni yòówù kó jẹ́, àjèjì ni, kò mọ̀ wá, kò mọ igi tó rí. Ẹni tí kò mọ̀, kò jẹ̀bi. Bó o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un pé Ọ̀dọ̀fin kò dì í sínú.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí Yínmíká ti sọ pé òun ni. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ṣì wà. Ó lo gbogbo rẹ̀ láti fi wo irùngbọ̀n funfun náà, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ pa, “Ẹ ṣé, Bàbá” nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá náà sì rò pé ọ̀rọ̀ Yèyé ló ń dúpẹ́ lé lórí, ó ní kó jẹun o.

Agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Yínmíká ṣí ojúewé ìdí. Ó kọ ọ́ pé, “Olúdó ti Ìdóṣàlà wàjà. Bí orí ọba bá wálẹ̀, a máa ń gé orí igi ọjà. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lónìí ni pé a tì wọ́n mọ́lé nítorí ọ̀fọ̀ wọn.”

Òṣùwọ̀n rò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mejì. Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, àádọ́ta, ọgbọ̀n, ó lọ dúró sórí méjìlá. Iná dúdú di àwọ̀ ewé. Lójú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, àwọn ẹyẹ irin mẹ́jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti Àkúrẹ́, wọ́n kọrí sí Ìdóṣàlà.

Ẹni tó ń ka èdè Pọ́túgí pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ka Hausa dìde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá Dósù gbé ọwọ́ lé e léjìká, omi sì lé sí i lójú, nítorí obìnrin náà ní àánú ju bó ṣe ń ṣe lọ. “Ẹ ti gba ìlú là,” ó wí. “Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmọ Èkìtì yìí yóò rí ìdí rẹ̀.”

Ìlà kan ṣì kù tó ṣófo nísàlẹ̀ ojúewé náà. “Ìgbà wo ni olùka mọ ìdí yìí?”

“Ẹ kọ ‘lónìí’, ká lọ wá nǹkan jẹ,” ni Ọ̀gá Dósù wí. “Ẹlẹ́rìí ló là yín lọ́yẹ.”

Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀rọ tó lè já a nírọ́. Kò sí kàlẹ́ńdà fún ohun tí ènìyàn mọ̀ nínú ara rẹ̀. Fóònù yóò ti máa dún káàkiri Ìdóṣàlà báyìí, ìwé tí gbogbo ilé yóò sì kọ́kọ́ kà ni ìwé yìí: ìdí tí a fi tú wọn sílẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ìgbà tó mọ̀. Bó bá kọ “lónìí”, yóò lọ sílé, yóò ra ewúrẹ́, yóò kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà mẹ́fà. Wọn yóò jọ jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀fin yóò gbé ẹran lé e lọ́wọ́, yóò sì tún sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ẹni tí kò mọ̀, kò jẹ̀bi.

Yínmíká fa pátákó ìtẹ̀wé mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé: “Ọjọ́bọ̀, àárọ̀, kí n tó tẹ ‘Mo gbà’.” Ó sì fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá Dósù kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀.